Ìmọ́lẹ̀ Tí Kò Móoru

Àtẹ́lẹwọ́ ló nà sójú iná náà. Ó wà lókè àkàbà, ó fi ìbàdí ti irin gbọọrọ tí wọ́n so àwọn iná ìtàgé mọ́, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ awọ kúrò lọ́wọ́ ọ̀tún, ó fi eyín dì í mú, ó sì ń gbé ọwọ́ òfìfo yẹn lọ síwá sẹ́yìn nínú ìtànṣán bí ẹni tó ń yáná lásìkò òtútù. Nígbà tó dé ibi tí ooru ti mú jù, ó dúró. Ó wọ ìbọ̀wọ́ padà, ó fún nọ́ọ̀tì ìdí iná náà le, ó sì kígbe sísàlẹ̀ pé kí wọ́n pa á, kí wọ́n tan èyí tó tẹ̀lé e.

Nísàlẹ̀, lẹ́yìn àwọn àga òǹwòran, ọkùnrin tó ń ṣe igbákejì rẹ̀ pa á, ó sì tan òmíràn. Dákẹ́ ni wọ́n ń pe ọkùnrin yìí, nítorí ọ̀rọ̀ ṣọ̀wọ́n lẹ́nu rẹ̀ ju owó lápò akúṣẹ̀ẹ́ lọ. Kò sọ pé ó dára, kò sọ pé kò dára. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti jókòó ti pátákó tí àwọn bọ́tìnnì iná wà lára rẹ̀. Iṣẹ́ òkè, ti ọ̀gá rẹ̀ ni. Òfin kan wà nínú gbọ̀ngàn eré yìí tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀: ẹni tó so iná ló ń tú u, ọwọ́ ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ kàn án. Ọ̀gá rẹ̀ yìí ló fi òfin náà lélẹ̀ nígbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú, kò sì sí ẹni tó dán an wò láti ìgbà náà.

Ọ̀sángangan ni wọ́n ń pe ọ̀gá orí àkàbà náà. Wọ́n ní ó lè fi gílóòbù díẹ̀ sọ òru di ọ̀sán nínú ilé tí kò ní fèrèsé, àti pé òṣèré tí kò mọ eré ṣe rárá, bí Ọ̀sángangan bá ti tanná sí i lójú, kíá ni ènìyàn á máa fẹ́ràn rẹ̀. Kì í lo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀. Bí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá iná tó, á lọ dúró láàárín ìtàgé, á di ojú rẹ̀ méjèèjì, á gbé iwájú orí sókè, á sì máa pàṣẹ: kí wọ́n fi kún un, kí wọ́n fà á sẹ́yìn díẹ̀, kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn òṣèré tuntun a máa fi í rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ a sì bá wọn wí, wọ́n á ní kí wọ́n wo bí àgbà ṣe ń ṣiṣẹ́.

Òwúrọ̀ ọjọ́ yìí, inú àgbà kò dùn. Ọ̀gá gbọ̀ngàn, ọkùnrin kan tó kéré sí i lọ́jọ́ orí tó sì ń pè é ní Bàbá lójú gbogbo ènìyàn, ti pe ọlọ́jà kan wá láti ilé-iṣẹ́ tó ń ta iná LED. Wọ́n fẹ́ so tuntun kan àti ògbólógbòó kan sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí wọ́n tàn wọ́n, kí gbogbo ilé wò ó. Èyí tó bá mọ́lẹ̀ jù ni yóò gba òkè. Iná tuntun kò nílò ẹni tí yóò máa gun àkàbà. Ẹni tó bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lẹ́yìn ni yóò máa yí i, tí yóò sì máa pààrọ̀ àwọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá kò sọ ibi tí Ọ̀sángangan yóò wà nínú ètò yìí, Ọ̀sángangan náà kò bèèrè. Bí iná tuntun bá wọlé, òun jáde nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà kò nílò ògbufọ̀.

Ojú rẹ̀ kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, òun nìkan ló sì mọ̀. Láti ẹ̀gbẹ́ ló ti bẹ̀rẹ̀, bí aṣọ ìkélé tí wọ́n ń fà pọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi ku ihò kan láàárín, lẹ́yìn náà ni ìkùukùu wá ń wọ inú ihò ọ̀hún. Ó ti kọ́ ìró ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn sórí. Bí wọ́n bá gbé ìwé eré fún un, á ní kí ẹnìkan kà á sókè kí òun lè gbọ́ bó ṣe dùn tó. Kò lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí ẹni tó bá lọ ni wọ́n ń sọ òótọ́ fún. Ohun kan ṣoṣo ló fi ń tu ara rẹ̀ nínú: òun ṣì ń rí iná. Bí gílóòbù bá ti tàn, wúrà rẹ̀ á tàn kálẹ̀ níwájú rẹ̀. Kódà bí ó bá di ojú, pupa iná náà máa ń wá bá a lẹ́yìn ìpéǹpéjú. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí lóòótọ́, ṣùgbọ́n alákàn kò ní irú àtẹ́lẹwọ́ tí òun ní.

Ó ń sọ̀ kalẹ̀ nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin, òṣèré nínú gbọ̀ngàn yìí kan náà. Láti ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti kú ló ti ń pe ọmọ náà ní Ìyá mi.

"Ìyá mi, o ti dé?"

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá," ni ọmọ náà wí, ó sì kọjá lọ.

Inú ilé kan náà ni wọ́n jọ sùn. Láti àsìkò òjò tó kọjá ni ọ̀rọ̀ ti di báyìí láàárín wọn. Ọmọ á gbé oúnjẹ ka iwájú rẹ̀, á kí i, á wọ yàrá lọ. Ọmọ tó jẹ́ pé, tẹ́lẹ̀, bó bá ti ń bọ̀ láti ìta ni yóò ti máa sọ̀rọ̀, tí bàbá á ní kó jọ̀wọ́ fi etí òun sílẹ̀ kó sinmi díẹ̀. Lásìkò yẹn kan náà ló pa ipò olórí òṣèré tì fún ẹlòmíràn, tó wá ń ṣe ìránṣẹ́ àti aládùúgbò nínú eré. Ọ̀sángangan rò ó títí. Ó kọ́kọ́ rò pé ọkùnrin kan ló bà á lọ́kàn jẹ́, ó tún rò pé wọ́n ń ṣe ìlara rẹ̀ níbi iṣẹ́. Kò bi í léèrè. Ó ní ọmọ tó bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ, á sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ilé náà ti di ibi tí kò wù ú láti wà, iṣẹ́ nìkan ló kù tí ara rẹ̀ ń yá sí, iṣẹ́ ọ̀hún ni wọ́n sì fẹ́ fi wé iná òyìnbó lónìí.

Ọlọ́jà so iná méjèèjì mọ́ irin kan tí kò ga, ó dojú wọn kọ aṣọ funfun tí wọ́n ta sẹ́yìn ìtàgé. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ó ń pe gbogbo ènìyàn ní ẹ̀gbọ́n. Àwọn òṣèré jókòó sórí àga iwájú. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ mú ẹ̀rọ ìwọnmọ́lẹ̀ lọ́wọ́, ó gbé e sí ojú ògbólógbòó, ó kà á, ó gbé e sí ojú tuntun, ó kà á. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì kó lè dá a lójú. Nínú iná funfun, ògbólógbòó ló lékè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ báyìí ni.

Inú Ọ̀sángangan dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀fẹ̀ tó ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ pọ́n lẹ́nu.

"Iná tí ènìyàn lè fọwọ́ gbá mú tí kò jó o, ìyẹn náà ń jẹ́ iná?"

Ọlọ́jà rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ká lè ríran la ṣe ń tanná sórí ìtàgé. Ẹni tó bá fẹ́ se nǹkan, ilé ìdáná ló ń lọ."

Ẹ̀rín gba gbogbo gbọ̀ngàn, Ọ̀sángangan náà rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ tó bá dùn, ó dùn ni. Ọlọ́jà gbà pé wọ́n borí òun nínú funfun, ṣùgbọ́n ó ní iná mànàmáná tí ògbólógbòó yẹn ń jẹ, tuntun márùn-ún ló lè bọ́ yó. Ó ní kí ẹnìkan wá dúró níwájú wọn, kí wọ́n fi awọ ojú ènìyàn wò ó. Ọmọ Ọ̀sángangan ló sún mọ́ ibẹ̀ jù, ó bọ́ sí i. Wọ́n ní kó kọjú síwájú dáadáa. Kí ó tó yí ojú, Ọ̀gá ti wúkọ́, ó ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, kí ọkùnrin òṣèré kan wá rọ́pò rẹ̀. Ọ̀sángangan gbọ́ bí ẹsẹ̀ ọmọ òun ṣe ń padà lọ jókòó. Ó dùn ún wọra. Ọmọ yìí ti pàdánù ipò rẹ̀, wọn kò tún fẹ́ kó dúró lásán nínú iná bàbá rẹ̀.

Níbi ti awọ ojú náà, ògbólógbòó ló tún jẹ. Gbogbo wọn sọ ọ́, kò sí ẹni tó tì wọ́n sọ ọ́: lábẹ́ gílóòbù, ara ọkùnrin náà ń dán bí ara ẹni tó jẹun yó, lábẹ́ tuntun, ó dà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde nínú àìsàn. Ọ̀gá pàápàá mi orí. Ọ̀sángangan ti ń ro ohun tí yóò wí fún ọlọ́jà tí yóò fi gbé àpótí rẹ̀ lọ láìsí ìbínú.

Ọlọ́jà kò gbé àpótí. Ó ní kí wọ́n dán òru wò. Nínú eré, òru kì í ṣe òkùnkùn. Iná aró ni wọ́n ń tàn fún un. Ti àtijọ́, ọ̀rá aláwọ̀ aró ni wọ́n máa ń fi bò ó lójú. Tuntun kò nílò ọ̀rá, inú rẹ̀ ni àwọ̀ náà ti ń jáde. Ọ̀gá ní ó dára, ó sì dá a lábàá pé kí wọ́n pa ẹ̀rọ tì báyìí, kí Bàbá lọ dúró sí i, kó di ojú, kó dá ẹjọ́ náà bó ṣe máa ń dá a. Kí wọ́n má sọ èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tàn fún un, kí ọlọ́jà má baà ní wọ́n fi ojúsàájú ṣe é. Àwọn òṣèré pàtẹ́wọ́. Iyì ni Ọ̀gá fi ṣe fún un, ó sì gbà á bẹ́ẹ̀.

Ó rìn dé àárín ìtàgé. Ó di ojú, ó gbé iwájú orí sókè.

Iná àkọ́kọ́ dé. Ó mọ̀ ọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, ó rọra bà lé e níwájú orí, lórí imú, ní èjìká, pupa rẹ̀ sì tàn lẹ́yìn ìpéǹpéjú rẹ̀ bó ṣe máa ń tàn. Ó mí kanlẹ̀.

"Èyí nìyí," ó wí. "Ta ló ń pe èyí ní òru? Ọ̀sán gangan ni. Ẹ fà á sẹ́yìn díẹ̀, kó má fọ́ àwọn ènìyàn lójú."

Àwọn òṣèré ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ níwájú. Ó rò pé ẹnu yà wọ́n ni. Ó ní kí wọ́n pa á, kí wọ́n tan èkejì. Ó gbọ́ tí bọ́tìnnì ró lọ́nà jíjìn. Pupa náà lọ díẹ̀díẹ̀, iwájú orí rẹ̀ tutù, ó sì dúró.

Ó dúró títí. Ẹnìkan wúkọ́ níwájú, ẹnìkan fa àga.

"Ẹ tàn án," ó wí.

Ó gbé iwájú orí sókè sí i.

"Ẹ tàn án ná. Dákẹ́, àbí bọ́tìnnì ti bàjẹ́ ni?"

Ọmọ rẹ̀ ló fọhùn, láti ibi tó jókòó, ohùn rẹ̀ kò sì rí bíi ti òwúrọ̀.

"Bàbá, ó ti wà ní títàn."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí ẹ ti ní kí wọ́n tàn án."

Ó la ojú. Ohun kan wà níwájú rẹ̀, eérú lásán, bí ìdájí tí ìkùukùu bò. Ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, eérú náà kò yí padà. Ó yá a lẹ́nu láti sọ pé iná náà ló kú tó bẹ́ẹ̀, ó sì sọ ọ́: ó ní iná tí kò mọ́lẹ̀ báyìí, àtùpà ìyá arúgbó sàn jù ú lọ. Ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ti ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín láti ọjọ́ yìí mọ ohun tí irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ Ọ̀gá ní kí gbogbo ènìyàn lọ jẹun ọ̀sán, ó sọ ọ́ kíákíá, àwọn àga sì bẹ̀rẹ̀ sí í ró.

Wọn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní láti ṣàlàyé fún un. Òun ló kọ́ àwọn mìíràn. Ọ̀rá aró ń jẹ ìmọ́lẹ̀. Bí gílóòbù ti lágbára tó, ìwọ̀nba táṣẹ́rẹ́ ló ń jáde lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í jẹ ooru. Ooru ń gba inú rẹ̀ kọjá bí omi ṣe ń gba inú asẹ́. Ohun tó pè ní ọ̀sán gangan, òkùnkùn ni gbogbo ilé rí. Ohun tó ní kí wọ́n tàn, tuntun tí kò móoru, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ wọn lójú. Pupa tó máa ń wá bá a lẹ́yìn ìpéǹpéjú, awọ ara rẹ̀ ló ń gbọ́ ooru, tí ọkàn rẹ̀ ń kun ún ní àwọ̀ fún un. Wúrà náà kò sí. Kò mọ ìgbà tó ti lọ. Ó jókòó sílẹ̀ ní ibi tó wà lórí ìtàgé, nítorí kò dá a lójú mọ́ pé ó mọ ọ̀nà.

Ọmọ rẹ̀ wá jókòó tì í. Ọ̀sángangan ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ìbínú ló sì bọ́ sí i lẹ́nu, torí ìbínú rọrùn ju ẹkún lọ.

"Ta ló mú ọlọ́jà yẹn wá síbí?"

"Èmi ni. Èmi ni mo bẹ Ọ̀gá kó pè é."

"Ìwọ? Ìwọ ọmọ mi?"

"Mi ò fẹ́ irin gbígbóná lórí mi mọ́, Bàbá. Mi ò fẹ́ kó wà lórí ẹnikẹ́ni."

Ọ̀rọ̀ férémù ló ń sọ, ó yé e. Férémù irin pẹlẹbẹ ló ń di ọ̀rá aláwọ̀ mú lójú iná, ẹ̀wọ̀n kékeré kan ló sì yẹ kó so ó mọ́ ara iná kó má baà já. Lásìkò òjò, níbi tí wọ́n ti ń múra eré sílẹ̀, ọ̀kan já. Òun wà lókè. Ó gbọ́ ìró irin, ó gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ tó ń sọ pé kò ṣe òun ní nǹkan, pé ó kàn fara kan òun ni, Ọ̀gá sì fà á jáde. Ọmọ náà lọ sinmi lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó padà sílé. Ọ̀gá ní kí Bàbá yẹ gbogbo ẹ̀wọ̀n òkè wò. Ó yẹ̀ wọ́n wò lóòótọ́, ó fi ọwọ́ tó wà nínú ìbọ̀wọ́ yẹ̀ wọ́n wò láti ọ̀kan dé èkejì, ó sì sọ̀ kalẹ̀ sọ pé kò sí ewu. Ó ní ohun tó ti kọjá ti kọjá.

"O ní ó kàn fara kàn ọ́ ni," ó wí.

Ọmọ náà mú ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún tí gbogbo ilé ń bọ̀wọ̀ fún, ó sì gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀. Láti ẹ̀gbẹ́ ojú ni àpá náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ wálẹ̀, ó nípọn, ó ń yọ̀ bí ọṣẹ tó rẹ sómi, ó fa igun ẹnu díẹ̀, ó sì dé abẹ́ àgbọ̀n. Ìka rẹ̀ tọ̀ ọ́ lọ dé òpin. Ó padà sókè, ó tún tọ̀ ọ́ lọ.

"Mo rò pé ẹ ti rí i," ni ọmọ náà wí. "Ọjọ́ tí mo padà sílé, mo jókòó síwájú yín, mo kọjú sí yín kí ẹ lè wò ó dáadáa. Ẹ wò mí, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní, 'Ìyá mi, ojú rẹ mà ń dán.'"

Ó rántí. Bó ṣe ń kí gbogbo ènìyàn nìyẹn láti ìgbà tí ìkùukùu ti dé. Ẹni tó bá kí ènìyàn pé ojú rẹ̀ ń dán, kò sí ẹni tó máa bi í pé kí ló rí. Wọ́n á kàn dúpẹ́ ni.

"Mo ṣe bí ẹ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni," ọmọ náà wí. "Nígbà tó yá mo ní rárá, ẹ ò kàn fẹ́ gbà pé ọwọ́ yín ló ṣe é. Ojoojúmọ́ ni mò ń retí kí ẹ sọ ọ́. Mò ń gbé oúnjẹ fún yín, mo sì ń bínú sí yín. Bàbá, mi ò mọ̀. Òní ni mo mọ̀."

Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Òun wà lọ́jà. Òun jókòó síwájú orí náà lálaalẹ́, ó ń jẹun, ó ń ṣe kàyéfì ohun tó mú ọmọ òun dákẹ́. Ó wá ọ̀rọ̀ kan tí yóò sọ, pé kó máà bínú, pé òun kò mọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ kéré sí ohun tó wà lábẹ́ ìka rẹ̀. Ó sunkún. Ọmọ náà kò ní kó dákẹ́.

Nígbà tí Ọ̀gá àti àwọn yòókù padà dé, Ọ̀sángangan ti nu ojú rẹ̀. Ó dìde kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ní kí ọlọ́jà tú àpótí rẹ̀, tuntun ló mọ́lẹ̀ jù. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kò pọn dandan lónìí, pé nínú funfun ṣebí, pé awọ ojú... Ọ̀sángangan já a lẹ́nu. Ó ní eré alẹ́ yìí kò gbọdọ̀ wáyé lábẹ́ ohun tó wà lókè yẹn. Ó pe Dákẹ́ wá síwájú.

"Gun un lọ, kí o tú gbogbo wọn."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ so wọ́n," ni Dákẹ́ wí. Ọ̀rọ̀ tó gùn jù tó ti sọ láti òwúrọ̀ nìyẹn.

"Èmi ni. Ìdí nìyẹn tí kò fi gbọdọ̀ jẹ́ èmi ni yóò tú wọn."

Dákẹ́ gbé àkàbà sí ìparí irin lápá òsì. Ó bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé kó sún sẹ́yìn, kó kúrò lábẹ́ ibi tí òun ti fẹ́ ṣiṣẹ́. Ọ̀sángangan sún sẹ́yìn. Ó sún dé ibi tó rò pé ẹ̀gbẹ́ ìtàgé ni, ó dúró, ó sì gbé etí sókè. Ó ti pẹ́ tó ti so àwọn iná wọ̀nyí, ó mọ ìró gbogbo ohun tó wà lára wọn. Ó gbọ́ bí Dákẹ́ ṣe gun òkè dé ibi iná àkọ́kọ́, tó sì dúró. Kò gbọ́ ìró sípánà. Ìró kékeré kan ló gbọ́, ìró ìkọ́ ẹ̀wọ̀n tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi sínú ihò rẹ̀.

"Kò so tẹ́lẹ̀?" ó bèèrè.

"Kò so, Ẹ̀gbọ́n."

Lẹ́yìn náà ni ó tó gbọ́ sípánà. Wọ́n sọ iná náà kalẹ̀ pẹ̀lú okùn. Dákẹ́ bọ́ sí ti èkejì. Ìró kékeré náà tún wá kí sípánà tó ró. Ní ti ẹ̀kẹta, ẹ̀wọ̀n kan ró wọnwọn, ó sì mọ̀ pé ìyẹn so; ó dúpẹ́ lórí rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fún lẹ́bùn. Ti ẹ̀kẹrin kò so. Ti èyí tó tẹ̀lé e, férémù rẹ̀ ti yọ jáde dé ìdajì, Dákẹ́ sì kígbe pé kí ẹnikẹ́ni má kọjá. Ọ̀sángangan kò bèèrè mọ́. Ó ń ro àwọn tó máa ń dúró lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: obìnrin tó ń ṣe ìyálé, àwọn tó ń gbé orin, ọkùnrin tó máa ń dùbúlẹ̀ bí òkú títí eré yóò fi parí. Ní alaalẹ́ ni wọ́n ti ń dúró níbẹ̀, tí wọ́n sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí wọ́n bá ti ṣe tán. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ó ti sùn, ó sì pè é ní iṣẹ́.

Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹsẹ̀ tó mọ̀.

"Ìyá mi, kúrò lábẹ́ ibẹ̀."

Nígbà tí ohùn ọmọ náà dé, láti ọ̀nà jíjìn ló ti wá, láti ẹ̀gbẹ́ ìtàgé, ibi tó rò pé òun fúnra òun wà.

"Mi ò sí lábẹ́ rẹ̀, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀."

Ó fẹ́ gbé ẹsẹ̀, kò sì mọ ibi tí yóò gbé e sí. Lókè, Dákẹ́ ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ọ̀sángangan ní kí ọmọ náà dúró síbi tó wà, òun yóò wá ọ̀nà jáde, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà ti ń bọ̀ lórí pákó, wọ́ọ́rọ́wọ́, ó ń bọ̀ wá mú un lọ́wọ́ lábẹ́ àwọn iná náà.